Fìlà Tí Kò Gbọdọ̀ Fò

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, ìròyìn kan jáde láti ìlú Norwich, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Yunifásítì East Anglia ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń parí ẹ̀kọ́ òfin má ṣe ju fìlà onígun mẹ́rin wọn sókè mọ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé láwọn ọdún tó ṣáájú, fìlà tó ń já bọ́ ti ṣe àwọn kan léṣe, wọn ò sì fẹ́ kí ọgbẹ́ tí a lè yẹra fún ba ọjọ́ ayọ̀ ẹnikẹ́ni jẹ́. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ni pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ na ọwọ́ sókè bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ju nǹkan, kí ayafọ́tò yà wọ́n bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá lọ tán, wọn yóò fi kọ̀ǹpútà lẹ fìlà tó ń fò mọ́ òkè orí wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kí fìlà wà nínú tirẹ̀ yóò fi pọ́n-ùn 8 lé owó fọ́tò.

Ọ̀pọ̀ èèyàn fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀rín nígbà yẹn. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Fìlà tí wọ́n ní kí wọ́n má jù dùn mí, ṣùgbọ́n fìlà tí wọ́n fẹ́ lẹ̀ mọ́ fọ́tò ló dùn mí jù.

Ẹni tó bá dàgbà nínú ilé Yorùbá mọ ibi tí fọ́tò ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè máa ń wà. Òkè àga bàbá ni, ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti ẹgbẹ́ àsàlátù. Ọmọ náà dúró nínú aṣọ dúdú gbàgẹ̀rẹ̀, ó ká ìwé mọ́wọ́, ojú rẹ̀ le koko nítorí pé ayafọ́tò ní kó má mira. Àlejò tó bá wọlé, kó tó fìdí lélẹ̀, ojú rẹ̀ á ti débẹ̀. Ìyá ilé á sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn: ọdún tí owó ilé ìwé wọ́n wọn, ilẹ̀ tí wọ́n tà, ẹ̀gbọ́n tó dá ẹ̀kọ́ tirẹ̀ dúró kí àbúrò lè máa lọ. Gbogbo ohun tí ìyá ń sọ yìí, fọ́tò yẹn ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ó ń sọ pé ọjọ́ kan wà, ibì kan wà, ohun tí à ń sọ yìí ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ojú sì tó o.

Kí wá ni fọ́tò tí wọ́n lẹ fìlà mọ́ ń jẹ́rìí sí? Mo ro ti ọmọ kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin wọ̀nyẹn. Ó ti lo ọdún mẹ́ta lórí ohun tí à ń pè ní ẹ̀rí, ó ti ka ẹjọ́ lóríṣiríṣi tó wó lulẹ̀ torí pé ìwé kan tàbí àwòrán kan jẹ́ ayédèrú. Lọ́jọ́ tó ń dágbére fún ilé ẹ̀kọ́ tó kọ́ ọ nírú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ náà ní kó na ọwọ́ òfìfo sókè, àwọn á bá a ṣe ẹ̀rí yòókù. Lọ́jọ́ iwájú, ọmọ tirẹ̀ á dúró níwájú fọ́tò náà, á ní, “Mọ́mì, èwo ni tiyín nínú àwọn fìlà yìí?” Kò sí èyíkéyìí tó jẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa bí fìlà jíjù ṣe bẹ̀rẹ̀ gbé wa lọ sí Annapolis, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, nílé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi, lọ́dún 1912. Kó tó di ọdún náà, ẹni tó bá parí ẹ̀kọ́ níbẹ̀ á ṣì lọ sin ọdún méjì lójú omi kó tó gba oyè ọ̀gá, fìlà akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò sì máa dé títí tí ọdún méjì náà yóò fi pé. Ní 1912, wọ́n fún àwọn tó ń jáde ní oyè lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè gan-an. Fìlà ọ̀gá ti wà nílẹ̀ dè wọ́n, èyí tó wà lórí wọn kò sì ní iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́. Wọ́n ṣí i, wọ́n jù ú sókè. Ilé ẹ̀kọ́ kan rí i lára èkejì, ó di àṣà, ó sọdá òkun.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìtàn yìí ni pé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kò bìkítà ibi tí fìlà náà máa balẹ̀ sí. Ẹni tó bá ń ṣọ́ ibi tí nǹkan máa balẹ̀ kò tíì jù ú nù tọkàntọkàn. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan péré ni fìlà náà lò lófuurufú, àmọ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá yẹn ni ẹni tó jù ú fi kúrò ní ọmọ ilé ìwé tó sì di ẹlòmíràn. Bó ṣe fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, tó sì fojú ara rẹ̀ rí i, ibẹ̀ ni gbogbo iyì rẹ̀ wà. Kọ̀ǹpútà kò lè bá èèyàn ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe lè bá èèyàn jẹun.

Àwa náà ní irú rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é kò sì dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì rí. Ẹ lọ síbi tí ọmọ iṣẹ́ ti ń gba frídọ́ọ̀mù, ìbáà jẹ́ télọ̀, onídìrí tàbí mẹkáníìkì. Ọmọ iṣẹ́ á kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá rẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ á pagbo yí i ká. Wọ́n á fi oyin àti iyọ̀ ṣàdúrà fún un, wọ́n á fi obì àti orógbó sí i. Ọ̀gá á gbé sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́ tàbí sípánà, bí iṣẹ́ wọn bá ṣe rí. Lẹ́yìn náà ni pọ́dà. Wọ́n á da pọ́dà lé e lórí, lọ́rùn, láyà, àwọn ọ̀rẹ́ á máa sáré gba agolo lọ́wọ́ ara wọn kí tiwọn náà lè kàn án. Pọ́dà ń kó sójú, àwọn tó wà nítòsí ń húkọ́, aṣọ tí wọ́n rán torí ọjọ́ náà ti di funfun báláú. Mi ò tíì gbọ́ ọ rí kí ẹgbẹ́ télọ̀ kankan ní kí wọ́n gbé pọ́dà jù sílẹ̀, kí ayafọ́tò wá fi pọ́dà sí i lẹ́yìn. Pọ́dà náà gan-an ni àwọn ará àdúgbò máa rí nígbà tí ọmọ náà bá ń rìn lọ sílé, tí wọ́n á fi máa kígbe látojúde wọn pé, “Ó ti gba frídọ́ọ̀mù o! Kú oríire!” Bó bá dẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀, kò ní nílò láti ṣàlàyé ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé òfin ìjọba ló wà nídìí ìfòfindè bí èyí, pé ọwọ́ àwọn aláṣẹ yunifásítì ló há. Kò rí bẹ́ẹ̀. HSE, àjọ tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ láti máa bójú tó ìlera àti ààbò lẹ́nu iṣẹ́, ti dá sí ọ̀rọ̀ fìlà jíjù yìí, wọ́n sì kà á mọ́ àwọn àhesọ tí wọ́n ń tú fó. Wọ́n ní ewu pé fìlà á ṣe èèyàn léṣe kéré jọjọ. Wọ́n ní ohun tó sábà máa ń wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà ni pé fìlà tí akẹ́kọ̀ọ́ yá gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín láìfarapa. Kí fìlà má farapa! Bó bá jẹ́ ohun tó wà ńbẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ náà, kí wọ́n ní ẹni tó bá ba fìlà jẹ́ á sanwó rẹ̀. Àgbàlagbà ni wọ́n, ó máa yé wọn.

Òfin tó bí àjọ HSE, tí wọ́n ṣe ní 1974, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni mú ewu kúrò nílé ayé pátápátá. Ohun tó ní kí agbanisíṣẹ́ ṣe ni pé kó dènà ewu dé ibi tó bá bọ́gbọ́n mu dé. Ọ̀nà tí àwọn adájọ́ ń gbà ka gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti inú ẹjọ́ kan nípa ibi ìwakùsà èédú, tí wọ́n dá ní 1949: kí a gbé ewu sí apá kan òṣùwọ̀n, kí a gbé owó, àsìkò àti wàhálà tí ìdènà rẹ̀ máa gbà sí apá kejì, kí a wá wò ó bóyá apá kejì yìí tẹ̀wọ̀n ju ewu náà lọ fíìfíì. Òṣùwọ̀n alápá méjì ni òfin fún wọn. Àwọn kan ló gé apá kan rẹ̀ sọnù.

Ẹjọ́ kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń kọ òfin ààbò ní yunifásítì kà. Ní Brereton Heath, ní Cheshire, ibi tí wọ́n ti ń wa yanrìn tẹ́lẹ̀ ti di adágún omi, ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ sì sọ àyíká rẹ̀ di ọgbà ìgbafẹ́. Àwọn ìyá máa ń kó ọmọ wọn wá sétí omi náà láti wá yá oòrùn, káwọn ọmọ máa fi iyanrìn ṣeré. Wọ́n gbé pátákó síbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má lúwẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ kan ní oṣù Karùn-ún ọdún 1995, ọmọkùnrin ẹni ọdún 18 kan bẹ́ sínú omi náà níbi tí kò ti jìn, orí rẹ̀ lu ìsàlẹ̀, ọrùn rẹ̀ ṣẹ́, ó sì di ẹni tí kò lè lo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mọ́ bó ṣe yẹ. Ó pe ìgbìmọ̀ náà lẹ́jọ́. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn gbè é. Ìgbìmọ̀ ti ní in lọ́kàn tẹ́lẹ̀ láti gbin igi bo etí omi oníyanrìn náà kó má sí ẹni tó máa rí ibi dúró sí mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà dé House of Lords, tó jẹ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nígbà náà, àwọn adájọ́ ibẹ̀ sì dájọ́ ní 2003 pé ìgbìmọ̀ kò jẹ̀bi. Ìbànújẹ́ tó dé bá ọmọ náà kò fara sin fún wọn, wọ́n sọ ọ́. Àmọ́ wọ́n ní kò tọ́ kí a gba etí omi lọ́wọ́ àwọn ìyá àti ọmọ tí kò ṣe nǹkan kan, torí pé àwọn díẹ̀ fojú di ewu tó hàn gbangba. Lord Hoffmann, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ náà, ní ká fi ohun tí àwùjọ máa pàdánù sórí òṣùwọ̀n náà. Lẹ́yìn náà, ní 2006, ìjọba fi irú èrò yẹn sínú òfin ní England àti Wales: ilé ẹjọ́ tó bá ń wò ó bóyá ó yẹ kí ẹnì kan ti dènà ewu kan lè wò ó bóyá ìdènà náà ì bá ti pa ohun rere kan lára.

Bí mo bá ka ìdájọ́ yẹn, àwọn ìyá tó wà létí omi ni mo máa ń rò. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò wá sílé ẹjọ́. Wọn ò gba lọ́yà. Bí wọ́n bá gbin igi bo irú etí omi bẹ́ẹ̀, wọn á kàn rọra kó ọmọ wọn padà sílé, kò ní sí ìwé kankan níbikíbi tó máa sọ pé wọ́n pàdánù nǹkan. Ibi tí ìṣòro òfin àṣejù wà gan-an nìyí. Òṣìṣẹ́ yunifásítì tó bá gba àwọn ọmọ láyè láti ju fìlà, tí igun fìlà kan sì ya ẹnì kan lójú, wọ́n á fún un ní kúẹ́rì, wọ́n á ní kó wá ṣàlàyé, ilé iṣẹ́ ìbánigbófò á bi í ní ìbéèrè. Èyí tó bá fòfin dè é kò ní rí kúẹ́rì kankan. Ayọ̀ tó sọnù kò ní fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ á fòfin de nǹkan lónìí, á tún fòfin de òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀, kò sì ní sí ọjọ́ kan tí ìwà ìkà máa wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Èèyàn dáadáa lè fi bẹ́ẹ̀ gbọ́n ayẹyẹ gbẹ.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù. Ìfura loògùn àgbà, mo sì mọ àṣà akẹ́kọ̀ọ́ tó pànìyàn. Ní Texas A&M, ní Amẹ́ríkà, nígbà kan rí, ọdọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń to ẹgbẹẹgbẹ̀rún gẹdú jọ bí òkè, tí wọ́n á dáná sí i ṣáájú ìdíje bọ́ọ̀lù wọn pẹ̀lú Yunifásítì Texas. Àṣà náà ti pẹ́, àwọn bàbá tó kọ́ ọ ń kọ́ ọmọ wọn. Ní òru ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1999, gẹdú náà wó nígbà tí àwọn ọmọ ṣì wà lórí rẹ̀ tí wọ́n ń tò ó. Èèyàn 12 kú, 27 farapa. Yunifásítì náà dá a dúró nínú ọgbà wọn, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní kí wọ́n má dá a dúró, mi ò lè bá a pa ohùn pọ̀. Kò sí ayọ̀ tó tó ọmọ méjìlá.

Ikú àwọn ọmọ yẹn náà ló ń múnú bí mi sí òfin fìlà. Ẹni tó bá ń fi ohùn kan náà sọ̀rọ̀ nípa òkè gẹdú tó ga ju ilé lọ àti nípa páálí tí wọ́n fi aṣọ dúdú bò, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ pé ìkìlọ̀ kì í ní ìtumọ̀. Wọ́n á kọ́ ọ, wọ́n á sì máa fi etí dídi gba èyí tó yẹ kí wọ́n gbọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ní yunifásítì kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdílé wa lọ, bí ìdílé Yorùbá ṣe máa ń lọ: aṣọ ẹbí, gèlè tí wọ́n ti ń wé láti aago márùn-ún ìdájí, kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù nínú bútù mọ́tò. Ìyá wa, ẹni tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, wá láti Ìjẹ̀bú-Òde. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì péré ni wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìyá ọmọ gbé tirẹ̀ fún ìyá wa, òun fúnra rẹ̀ sì lọ dara pọ̀ mọ́ àwa yòókù nínú yàrá kan tí wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá sí, ibẹ̀ ló ti wo ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń gba ìwé ẹ̀rí. Ó dùn wá o. Ṣùgbọ́n mi ò lè bínú sí i. Gbọ̀ngàn ní iye èèyàn tó lè gbà, iná lè ṣẹ́ yọ, ọ̀nà àbájáde kò sì ju bó ṣe mọ lọ. Ìṣirò lásán nìyẹn, ó sì kan gbogbo ayé bákan náà.

Ti ìta ni mi ò tíì lè gbé mì. Bàbá kékeré ọmọ náà mú gángan wá. Nígbà tí wọ́n jáde, tí gbogbo ìdílé ti ń ya fọ́tò lórí koríko, ó fi ọ̀pá kan ìlù náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ ọmọ. Ó ṣeé ṣe kó má tíì pé orúkọ kẹta tí ẹ̀ṣọ́ kan fi dé. Ọmọlúàbí ni, ó rọra sọ̀rọ̀, ó ní kó jọ̀ọ́, òfin ààbò kò gba ìlù, torí pé ìlù lè mú kí èèyàn pọ̀ sójú kan kí wọ́n sì dí ọ̀nà. Pápá gbalasa la wà. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá wa. Ó wo ẹ̀ṣọ́ náà títí, ó wá yíjú sí wa, ó ní, “Ṣé ẹnì kan ló kú níbí ni, tí wọ́n fi ní ká má lùlù?”

Kò sí ẹni tó rí nǹkan sọ. Bàbá kékeré ti ìlù bọ abẹ́ apá. Ìyá wa wá di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, láti orí àwọn tó bí bàbá rẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, ọmọ náà sì kúnlẹ̀ sórí koríko pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n yá náà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ náà dúró díẹ̀. Kò sí oríkì nínú ìwé tí wọ́n fún un, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ó wù mí kí n sọ pé a ò nírú èyí nílé. A ní in, ó sì ń gbilẹ̀ sí i. Gbogbo ẹni tó bá ti kọ́ ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà láìpẹ́ yìí mọ sáìn-áòtù. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá parí ìdánwò àṣekágbá, àwọn ọmọ á wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, wọ́n á fi máákà kọ orúkọ àti àdúrà sí ara wọn lẹ́yìn, láyà, lápá. Wọ́n á da omi síra wọn lára. Ìyá tó bá rí ṣẹ́ẹ̀tì yẹn nílé kì í fọ̀ ọ́, inú àpótí ló ń kó o sí. Àwọn yunifásítì àti ilé ẹ̀kọ́ gbogboníṣẹ́ kan ti fòfin dè é. Wọ́n ní ariwo rẹ̀ ń dí àwọn tó ṣì ń ṣèdánwò lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn kan ń fi mọ́tò ṣeré àṣejù, wọ́n ń yí i po lójú títì, àwọn ẹgbẹ́ wọn á sì gun bónẹ́ẹ̀tì.

Ti mọ́tò yẹn, mo fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá fi mọ́tò yípo láàárín èrò, kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì bá a wí gidigidi. Ti ariwo náà, kí wọ́n ya ibì kan sọ́tọ̀ tó jìnnà sí gbọ̀ngàn ìdánwò, ọgbà yunifásítì wa kò kéré. Àmọ́ kí ni ṣẹ́ẹ̀tì ṣe? Kí ni máákà ṣe? Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ohun tó sì máa ń tẹ̀lé ìfòfindè bẹ́ẹ̀ hàn sí ẹnikẹ́ni tó bá ń gba iwájú géètì kọjá lásìkò ìdánwò. Àwọn ọmọ kò jáwọ́, ìta ni wọ́n gbé e lọ. Etí títì márosẹ̀ ni wọ́n wà báyìí, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù àti ọlọ́kadà ti ń sáré, níbi tí ẹ̀ṣọ́ ilé ẹ̀kọ́ kò ní agbára, tí ilé ìwòsàn akẹ́kọ̀ọ́ sì jìnnà. Ààbò tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣòfin ti dín kù sí ti àtẹ̀yìnwá, ìwé àkọsílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ sì mọ́ tónítóní, nítorí pé ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, ẹ̀yìn géètì ló ti ṣẹlẹ̀.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ bi àwọn tó ń jókòó ṣe irú òfin yìí, ní Norwich tàbí nílé, ni pé ta ni wọ́n rò pé ó dúró níwájú wọn lọ́jọ́ yẹn? Wọ́n ti fọwọ́ sí i pé ọmọ yìí tó ẹni tí ó lè bẹ̀rẹ̀ ìgbésẹ̀ láti di agbẹjọ́rò. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ máa lọ máa gún aláìsàn lábẹ́rẹ́. Ẹ̀kẹta máa ṣírò irin tó máa gbé afárá ró, àwa náà máa wa mọ́tò gba orí rẹ̀ kọjá láìbéèrè ẹni tó kọ́ ọ. A ti fọkàn tán wọn pẹ̀lú ẹ̀mí wa. Kò sì ju wákàtí kan lẹ́yìn ìyẹn tí a fi sọ fún wọn pé a ò lè fọkàn tán wọn pẹ̀lú páálí onígun mẹ́rin.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe kò le. Orí koríko ni kí wọ́n kó àwọn ọmọ náà sí, kí wọ́n fàyè sílẹ̀ láàárín ara wọn. Kí ẹnì kan sọ fún wọn pé kí wọ́n jù ú sókè gan-an, kí wọ́n má jù ú síwájú, kí wọ́n sì gbójú sókè títí tó fi máa balẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ jù, kó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí ẹni tó máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kí nọ́ọ̀sì kan wà nítòsí pẹ̀lú báńdéèjì. Kí wọ́n sì jẹ́ kí onílù lù. Bí wọ́n bá tún fẹ́ ṣèpàdé lórí òfin ààbò, kí wọ́n pe ọmọ kan tó ń jáde lọ́dún náà sí i, kí wọ́n pe ìyá kan pẹ̀lú rẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí ìyá náà kọ́kọ́ sọ ohun tó ná kó tó débẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó mú ìwé ewu jáde.